Orúkọ ìdílé Sowzer: ọmọ Bahia ni, àbí ọmọ Èkó?

Akọ̀wé Kékeré

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Orúkọ kan ni kò jẹ́ kí n sinmi láti ọjọ́ mélòó kan, mo wá gbé e síwájú yín.

Mo ń kàwé nípa àwọn babaláwo ìlú Salvador, ní Bahia, ilẹ̀ Bùràsíìlì. Àwọn orúkọ tí mo ń bá pàdé níbẹ̀ kò ṣàjèjì sí ẹni tó bá mọ ọmọ Àgùdà, ìyẹn àwọn tó ti oko ẹrú Bùràsíìlì padà wá sílé àti àwọn ọmọ wọn: Silva, Santos, Conceição, Souza. Bí mo ṣe kan ọkùnrin kan báyìí, Felisberto Sowzer, tí wọ́n ń pè ní Benzinho, babaláwo tí gbogbo Salvador mọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá, mo dúró. Sowzer. Mo rò pé ẹni tó tẹ ìwé náà ló ṣì í kọ. Mo wo ìwé mìíràn, bẹ́ẹ̀ náà ló wà níbẹ̀.

Èdè Potogí kì í lo lẹ́tà w àfi fún orúkọ tó bá ti òkèèrè wá. Ọdún 2009 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá k, w àti y padà sínú álífábẹ́ẹ̀tì wọn ní Bùràsíìlì. Báwo wá ni ọmọ aláwo ṣe ń jẹ́ orúkọ tó ní w láti ayé ìgbà yẹn? Gbogbo ibi tí mo ti rí orúkọ yìí, Bahia ni, inú ìdílé kan ṣoṣo ló sì ti ń jáde. Mi ò rí i ní Èkó, mi ò rí i ní Ouidah, mi ò rí i ní Àkrà.

Ẹni tó bá ní òye rẹ̀, kó jọ̀ọ́ kó là mí lọ́yẹ̀.

Jágunmólú

Ọ̀rẹ́ mi, orúkọ Jámánì nìyẹn. Láti 1824 ni àwọn ará Jámánì ti ń kó lọ sí Bùràsíìlì. Oníṣòwò kan ló bí bàbá rẹ̀. Ọ̀rọ̀ bùṣe.

Olùkọ́ Èdè

Jágunmólú, kò bùṣe o. Gúúsù ilẹ̀ náà lọ́hùn-ún ni àwọn ará Jámánì ọdún 1824 tẹ̀dó sí, ó jìnnà sí Bahia gan-an.

Akọ̀wé, gbé ojú kúrò lára lẹ́tà, kí o fi etí gbọ́ orúkọ náà. Mú ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí gbogbo wa ń sọ lójoojúmọ́: tíṣà, lọ́yà, dírẹ́bà. Nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì, teacher, lawyer, driver ni wọ́n. "-er" ló parí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ṣùgbọ́n "à" ni àwọn baba wa gbọ́, nítorí òyìnbó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í pe r tó bá wà ní ìparí ọ̀rọ̀. Ohun tí etí gbọ́ ni ẹnu gbà.

Wá ka Sowzer lọ́nà kan náà. Èdè wa kò ní z, s ló ń dípò rẹ̀. Kí lo gbọ́? Sósà. Pe Souza pẹ̀lú ẹnu Yorùbá. Kí lo gbọ́? Sósà náà ni.

Ìyẹn ni pé ẹni tó fi w àti "er" kọ orúkọ yìí gbọ́ Souza, ó sì kọ ọ́ bí ẹni tó kọ́ ìwé kíkà lọ́wọ́ tíṣà Gẹ̀ẹ́sì ṣe máa kọ ọ́. Nígbà náà, ibo ni ọmọ tó ń jẹ́ Souza ti ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì ilé ìwé Gẹ̀ẹ́sì? Kì í ṣe Salvador. Èkó ni, lẹ́yìn 1861 tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba ìlú náà.

Akọ̀wé Kékeré

Olùkọ́! Mo ka èyí, mo dìde dúró. Mo pe orúkọ náà sókè lẹ́ẹ̀mẹ́ta nínú yàrá mi. Sósà ni lóòótọ́.

Arìnrìnàjò Salvador

Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Mo ti ń gbé ní Salvador fún ọdún mẹ́fà, mo sì lè fi ti ibí kún un.

Bí Olùkọ́ ṣe wò ó gan-an ló rí. Èkó ni wọ́n bí Felisberto sí. Souza ni orúkọ bàbá rẹ̀. Felisberto ló sọ Souza di Sowzer, ó sì gbé e wá sí Bahia bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ti tú àkọsílẹ̀ ìdílé náà wò jẹ́rìí sí i.

Ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ló tilẹ̀ dùn jù fún ọmọ Yorùbá. Julia lorúkọ ìyá rẹ̀, ọmọ ọkùnrin tí wọ́n ń pè ní Bamboxê Obitikô níbí. Ẹ má jẹ́ kí x yẹn dà yín láàmú: ohùn ṣ ni x ń gbé nínú èdè Potogí, òun ló fà á tí wọ́n fi ń kọ Xangô, Oxum, Exu àti axé. Bámgbóṣé ni bàbá náà ń jẹ́: bá mi gbé oṣé. Oṣé Ṣàngó ni, igi ọwọ́ olórí méjì. Orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ìjọba ni Rodolfo Martins de Andrade. Oníṣàngó àti babaláwo ni. Lẹ́yìn tó kúrò lóko ẹrú, ó ń ná ojú òkun láàárín Salvador àti Èkó bí ẹni ń ná ọjà. Ó wà lára àwọn tó fẹsẹ̀ ilé òrìṣà múlẹ̀ níbí, ó sì lọ́wọ́ nínú gbígbé òrìṣà lé orí Ìyá Aninha, ẹni tó dá ilé òrìṣà Ilê Axé Opô Afonjá sílẹ̀ ní 1910. Òpó Àfọ̀njá ni tiwa.

Nítorí náà, Felisberto: bàbá Souza, ìyá ọmọ Bámgbóṣé, ibi ìbí Èkó, ibi iṣẹ́ Bahia. Ní Èkó, ìdílé Bámgbóṣé-Martins ń bẹ. Ní Bahia, Sowzer ń bẹ. Ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin kan náà ló wà nínú méjèèjì, orúkọ wọn kò sì jọra rárá.

Jágunmólú

Mo gbà. Ọ̀rọ̀ Jámánì ti kúrò nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàlàyé kan fún mi. Tí ọmọ Èkó bá kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kí ló tún ń wá lọ sí Bahia? Ṣé kì í ṣe ibi tí wọ́n ti kó àwọn baba rẹ̀ lẹ́rú ni? Ẹni tó bọ́ nínú ihò kì í padà síbẹ̀.

Arìnrìnàjò Salvador

Ìbéèrè tó dáa ni. Ní Bùràsíìlì, òfin tó fòpin sí ẹrú kò jáde títí di oṣù karùn-ún 1888. Ṣùgbọ́n kí ó tó dìgbà náà, àwọn tó ti ra ara wọn padà pọ̀. Nígbà tí àwọn Ìmàle, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ Yorùbá, dìtẹ̀ ní Salvador ní oṣù kìíní 1835, ìjọba ibẹ̀ gbógun ti gbogbo ọmọ Áfíríkà tó ti gba òmìnira. Wọ́n lé àwọn kan, ọ̀pọ̀ sì fi ẹsẹ̀ ara wọn wá ọkọ̀. Ìgbà yẹn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dé sí Ouidah, Agoué, Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) àti Èkó.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà náà kò dí lẹ́yìn tí wọ́n dé. Òwò ń lọ lórí rẹ̀. Láti Èkó, wọ́n ń kó aṣọ òfì, obì, orógbó, ọṣẹ dúdú àti epo lọ sí Bahia, nítorí àwọn ará wa lọ́hùn-ún kò lè bọ òrìṣà láìsí wọn. Títí dòní ni wọ́n ń pe aṣọ yẹn ní aṣọ Etíkun, "pano da Costa". Láti Bahia, tábà àti ọtí ló ń bọ̀. Ẹni tó gbọ́ èdè méjèèjì tó sì tún mọ Ifá ló wúlò jù lọ nínú irú òwò bẹ́ẹ̀.

Mú Martiniano do Bonfim. Bahia ni wọ́n bí i sí ní 1859. Bàbá rẹ̀ mú un lọ sí Èkó ní 1875, ó lo ọdún mọ́kànlá níbẹ̀, ó kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ó kọ́ Ifá. Nígbà tó padà sí Salvador, ó ń kọ́ àwọn ọmọ olówó ní Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ ẹni tó ti jẹ́ ẹrú, tó ń kọ́ ọmọ olówó ní èdè tó kọ́ ní Èkó! Ní irú ìlú bẹ́ẹ̀, orúkọ tó ní w àti "er" máa ń sọ fún èèyàn pé ẹni yìí ti Èkó dé.

Ìyá Ìbejì Pópó

Mo kí gbogbo yín. Àgbàlagbà ni mí, mi ò kì í sábà kọ nǹkan síbí, mo kàn máa ń kà ni. Ọ̀rọ̀ yìí ló wọ̀ mí lára.

De Souza ni ìdílé ìyá mi. Pópó Àgùdà la ti wá, ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ẹ̀yìn Campos Square. Ìwé àdúrà kan wà lọ́wọ́ ìyá ìyá mi, awọ dúdú ni wọ́n fi dì í, etí rẹ̀ ti jẹ. Ojú ewé funfun tó wà níwájú ni wọ́n kọ ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ sí. Mo ṣì rántí bó ṣe rí: yíǹkì tó ti di àwọ̀ tíì, orúkọ Potogí lápá òsì, orúkọ Yorùbá lápá ọ̀tún. Ní ìlà àkọ́kọ́, "de Souza" ni. Nígbà tó di ti àwọn ẹ̀gbọ́n ìyá mi, "Souza" lásán. Àbúrò ìyá mi ọkùnrin, tó ṣiṣẹ́ akọ̀wé lọ́fíìsì ìjọba, "D'Souza" ló ń kọ títí ó fi kú. Ọmọ bàbá kan, ọmọ ìyá kan ni wọ́n o. Nítorí náà Sowzer kò yà mí lẹ́nu rárá. Ó dájú pé ẹni tó kọ ọ́ kò mọ̀ pé òun ń da ẹnikẹ́ni láàmú.

Nígbà tí mo wà ní ilé ìwé, tíṣà wa kan ní kí gbogbo ọmọ Yorùbá nawọ́ sókè. Mo nawọ́. Ó wo orúkọ mi nínú rẹ́jísítà, torí orúkọ ìyá mi ni mo ń lò nígbà náà, ó ní kí n sọ ọwọ́ mi kalẹ̀, pé Potogí ni mí. Mo sunkún délé. Ìyá ìyá mi kò bá mi jiyàn. Ó kàn jókòó tì mí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kì mí: ọmọ Oníkòyí, ẹ̀ṣọ́ tí kì í gbọfà lẹ́yìn, iwájú gangan ni wọ́n fi ń gbọta. Ó kì mí títí ojú mi fi gbẹ. Kì í ṣe Ìkòyí Èkó o, Ìkòyí Ilé ni, ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́ àtijọ́, tí ogun fọ́.

Orúkọ de Souza wà nínú ìwé, Oníkòyí wà lẹ́nu. Ọkọ̀ ojú omi kò rí ti ẹnu gbà lọ́wọ́ wa.

Ọmọ Àjàṣẹ́

Ìyá, ẹ ṣeun gan-an. Omi bọ́ lójú mi.

Láti ọ̀dọ̀ tiwa ní orílẹ̀-èdè Benin, mo ní láti sọ ohun kan tó wúwo díẹ̀. De Souza pọ̀ ní Ouidah ju ibikíbi lọ ní etíkun yìí. Orísun rẹ̀ tó lókìkí jù ni Francisco Félix de Souza, tí wọ́n fi oyè Chacha dá lọ́lá. Ọmọ Bùràsíìlì ni, oníṣòwò ẹrú paraku ni, ọ̀rẹ́ Ghézo, ọba Dahomey, ni. Ní 1849 ló kú. Ó bí ọmọ rẹpẹtẹ, oyè Chacha sì wà nínú ìdílé náà di òní. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń jẹ́ orúkọ yìí, Paul-Émile de Souza, wà nípò olórí orílẹ̀-èdè wa ní 1969 sí 1970.

Ṣùgbọ́n àwọn ẹrú àti àwọn ìwọ̀fà agbo ilé Chacha náà gba orúkọ rẹ̀. Àwọn tó ti Bahia padà wá, tí ọ̀gá wọn lọ́hùn-ún ń jẹ́ Souza, náà ń jẹ́ ẹ. Ẹni tó ta èèyàn, ẹni tí wọ́n tà, ẹni tí wọ́n rà, orúkọ kan ló bo gbogbo wọn. Nígbà tí ẹnì kan bá ní òun àti de Souza kan jẹ́ ẹbí, mo máa ń béèrè pé: Souza ti wo? Ta ló fún bàbá yín lórúkọ náà?

Ẹ tún wo bó ṣe fẹ̀ tó. Odò kan tó ń jẹ́ Sousa ní àríwá Pọ́túgàlì ni orúkọ náà ti ṣẹ̀. Tomé de Sousa ló dá ìlú Salvador sílẹ̀ ní 1549, òun ni gómìnà àgbà àkọ́kọ́ fún Bùràsíìlì. Àwọn Potogí kan náà gba Goa ní Íńdíà ní 1510, ìdí nìyẹn tí D'Souza fi kún Goa àti Mumbai fọ́fọ́. Ẹni tó bá wá orúkọ yìí lórí íntánẹ́ẹ̀tì máa rí ará Íńdíà, ará Bùràsíìlì, ará Tógò, ará Èkó, kò sì ní mọ èyí tó jẹ́ tirẹ̀.

Èyí ló jẹ́ kí Sowzer ṣe iyebíye lójú mi. Souza kò sọ ibì kankan fún ọ. Sowzer ń tọ́ka sí ìlú kan, ìgbà kan, ilé ìwé kan pàápàá.

Olùkọ́ Èdè

Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn tẹ́ mi lọ́rùn. Mo fẹ́ fi kún un pé àṣìkọ kì í ṣe ìdọ̀tí nínú iṣẹ́ yìí. Àṣìkọ ni ẹ̀rí. Ní Èkó, wọ́n ní Fernandez àti Gomez tí wọ́n fi z parí. Àwọn kan nínú irú wọn ti Kúbà wá, níbi tí wọ́n ti ń sọ èdè Sípéènì. Campos tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe gbàgede tí Ìyá sọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹn, Kúbà ló ti bọ̀. Augusto di Agusto, lẹ́tà kan já bọ́. Ẹ̀sìn náà ẹ má fi orúkọ wọ̀n ọ́n: Mùsùlùmí ni L. B. Agusto, lọ́yà, ẹni tó dá ẹgbẹ́ Jamat-ul-Islamiyya sílẹ̀ ní 1924.

Jágunmólú

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó wà lọ́kàn mi. Ọ̀gá tó ra bàbá yín ló fún un ní Souza. Kí ló dé tí ẹ ṣì ń gbé e kiri? Adéyẹmọ Alákíjà fi hàn wá. Plácido Assumpção ni wọ́n sọ ọ́ nígbà tí wọ́n bí i ní 1884. Ní 1913, ó kó gbogbo rẹ̀ sọnù, ó di Alákíjà. Ó di ọ̀kan nínú àwọn tó fẹsẹ̀ ìwé ìròyìn Daily Times múlẹ̀, ó sì di ààrẹ Ẹgbẹ́ Ọmọ Odùduwà. Ó ṣe bí ọkùnrin.

Arìnrìnàjò Salvador

Ó ṣe é lóòótọ́, mo sì bọ̀wọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ìdajì ìtàn Alákíjà lo sọ yẹn, ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀ka ìdílé yẹn kan wà níbí ní Salvador. Arákùnrin rẹ̀ tó jẹ́ lọ́yà níbí ń jẹ́ Assumpção Alakija, méjèèjì pa pọ̀. Títí dòní, Alakija jẹ́ orúkọ ìdílé ní Bahia. Orúkọ Yorùbá pọ́ńbélé tí ọmọ Bùràsíìlì ń jẹ́ nínú ìwé ìjọba!

Gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ Sowzer. Ọ̀kan, orúkọ Potogí tí Èkó fi Gẹ̀ẹ́sì wọ̀ láṣọ, tó sì lọ gbé ní Bahia. Èkejì, orúkọ Yorùbá tó tẹ̀ lé ìdílé Àgùdà dé Bahia kan náà. A ti máa ń kọ́ àwọn ọmọ wa pé wọ́n kó wa lọ, àwọn díẹ̀ sì padà. Àwọn orúkọ méjì yìí ń sọ pé àwọn kan padà, wọ́n tún lọ, àwọn ọmọ wọn tún padà. Ní 1899, ọkọ̀ kan tó ń jẹ́ Aliança ṣì kó àwọn arúgbó àtàwọn ọmọ wọn láti Bahia wá sí Èkó.

Ẹ tún mọ ìdí tí Sowzer fi ṣọ̀wọ́n. Ní Bùràsíìlì, ọmọ ń jẹ́ orúkọ ìyá rẹ̀ ṣáájú, ti bàbá ní ìkẹyìn, ti ìkẹyìn yẹn ló sì ń kọjá sí ọmọ ọmọ. Bí ọmọbìnrin bá jẹ́ Sowzer, àwọn ọmọ rẹ̀ á gbé e sí àárín. Nígbà tó bá di ti àwọn ọmọ ọmọ, ó ti já. Ẹnì kan ṣoṣo ló gbé orúkọ náà dé. Kò lè pọ̀.

Ìyá Ìbejì Pópó

Jágunmólú, ọmọ mi, mi ò bínú sí ọ. Ìbéèrè rẹ tọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo orúkọ Àgùdà ni ti ọ̀gá. Àwọn kan fi ọjọ́ mímọ́ tàbí ohun mímọ́ jẹ́ orúkọ: Conceição, Sacramento, Santos, Assumpção fúnra rẹ̀. Òmíràn sì jẹ́ orúkọ ẹni tó dúró fún wọn níbi ìrìbọmi.

Ti ọ̀gá náà ńkọ́? Àwọn tó jẹ́ ẹ ra òmìnira wọn pẹ̀lú owó àkàrà tí wọ́n dín tà ní títì Salvador. Orúkọ yẹn ló wà lórí ìwé òmìnira, òun ló wà lórí ìwé ìrìnnà. Tí wọ́n bá pàdánù ìwé yẹn lọ́jọ́ kan, ẹnikẹ́ni lè kó wọn lẹ́rú padà. Ìyá ìyá mi pa orúkọ náà mọ́ nítorí pé ìyá tirẹ̀ fi orúkọ náà sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Èkó. Mi ò ní fi sílẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ wá tirẹ̀, kó kọ́kọ́ lọ bá obìnrin tó dàgbà jù nínú ilé, kó ní kó ki òun. Lẹ́yìn náà ni kó lọ sí ìwé ìrìbọmi ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ má lọ sí ti ìwé ṣáájú, ìwé lè dúró de yín, ìyá àgbà kò lè dúró.

Jágunmólú

Ìyá, mo dọ̀bálẹ̀. Mi ò mọ ti ìwé ìrìnnà yẹn. Ẹ ṣeun.

Akọ̀wé Kékeré

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Nínú ìwé àkọsílẹ̀ mi, mo ti kọ "Sowzer: Bahia" síbẹ̀ tẹ́lẹ̀, pẹ̀lú àmì ìbéèrè. Mo ti pa á rẹ́. Ohun tó wà níbẹ̀ báyìí ni: "Sowzer. Kà á ní Sósà. Souza ni, Èkó ló ti gba w, Bahia ló ń gbé. Ọmọ ọmọ Bámgbóṣé."

Ìyá Ìbejì, lọ́la òde yìí ni mo ń lọ sọ́dọ̀ ìyá bàbá mi. Mo ti gba àyè sílẹ̀ lórí fóònù mi kí n lè gba ohùn wọn sílẹ̀ tí wọ́n bá ń kì mí.